Ta Ló Tò Ó? Òmìnira Ẹnì Kọ̀ọ̀kan àti Ètò Alalẹ̀hù, nínú Ọjà àti nínú Èdè

1. Ìfáárà

Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan rí àkọlé yìí kí ó ní: kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ èdè nínú ọ̀rọ̀-ajé? Ìdáhùn wa ni pé ìbéèrè kan náà ni àwa àti àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé kan jọ ń bi ara wa: báwo ni ohun tó létò ṣe ń wà nígbà tí kò sí ẹni tó tò ó?

Ẹ wo "ra ẹja" tó ń di "rẹja" lẹ́nu ọmọ Yorùbá, láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́, láti Àjàṣẹ́ dé Ìbàdàn. Ọmọ ọdún mẹ́rin ń ṣe é, kò sì gbọ́ orúkọ "ìpajẹ" rí láyé rẹ̀. Ta ló pàṣẹ rẹ̀? Ẹ tún wo ọjà Kútọnu. Lójoojúmọ́ ni àgbàdo, ata, iṣu àti ẹja ń dé láti ọ̀nà jíjìn, ẹlẹ́kọ ń rí àgbàdo rà, àwa náà ń rí ẹ̀kọ mu kí a tó lọ sí kíláàsì. Ọ́fíìsì wo ló ń pín in? Kò sí.

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó kọ́kọ́ sọ ibi tí èrò náà ti wá. Lẹ́yìn náà ni a ó yẹ owó ẹyọ àti iṣẹ́ zémijàn wò gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. A ó wá parí rẹ̀ síbi tó ti dun àwa fúnra wa, ìyẹn ọ̀rọ̀ èdè wa tí àwọn ọmọ ìlú ńlá ń fi sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

2. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó lò

Òmìnira ẹnì kọ̀ọ̀kan: kí ènìyàn lè lo ọgbọ́n rẹ̀, ohun ìní rẹ̀ àti àkókò rẹ̀ bó ṣe tọ́ lójú rẹ̀, láìsí pé ẹlòmíràn ń fi agbára tì í síbi tó wu ẹni náà.

Ètò àtọwọ́dá: ètò tí ẹnìkan tàbí ìgbìmọ̀ kan jókòó gbé kalẹ̀ fún ìdí kan. Ẹgbẹ́ ológun jẹ́ bẹ́ẹ̀, tábìlì àkókò ìdánwò wa náà jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ètò alalẹ̀hù: ètò tó jáde láti inú ìṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn tí oníkálukú wọn ń wá tirẹ̀, tí kò sì sí ẹnìkan nínú wọn tó ní in lọ́kàn. Bí ewé tó lalẹ̀ hù ló rí: a rí i, a ń jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n a kò rí ẹni tó gbìn ín.

Àbùjá ló máa jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa kíá. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, àwọn tó kọ́ ilé ti la ọ̀nà onísìmẹ́ńtì sílẹ̀, síbẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gba àárín koríko kọjá. Ẹni àkọ́kọ́ kò fẹ́ la ọ̀nà. Ó kàn fẹ́ tètè dé kíláàsì ni. Ẹnì kejì tẹ̀ lé e, ẹnì kẹta tẹ̀ lé wọn. Nígbà tó pẹ́, koríko kú, ọ̀nà yọ. Rudi Keller, onímọ̀ èdè ará Jámánì, lo irú àpẹẹrẹ yìí nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní ọdún 1990 lórí bí èdè ṣe ń yí padà. Ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ tuntun ṣe ń wọlé tí ọ̀rọ̀ àtijọ́ sì ń kú: kò sí ẹni tó pète rẹ̀, síbẹ̀ ẹsẹ̀ wa ló là á.

3. Ibi tí èrò náà ti wá

Ìlú Skọ́tílándì ni èrò yìí ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀. Ní ọdún 1767, Adam Ferguson kọ ìwé kan lórí ìtàn àwùjọ ọmọ ènìyàn. Ó ṣàlàyé nínú rẹ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn àṣà tí àwùjọ dúró lé lórí jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ohun tí ènìyàn kankan pète. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ní 1776, ni Adam Smith gbé ìwé ńlá rẹ̀ jáde lórí ọrọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé Smith ti kọ̀wé lórí èdè kí ó tó kọ ọ́ lórí ọjà. Ní 1761, ó tẹ àròkọ kan jáde lórí bí èdè ṣe kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí a fojú inú wo ènìyàn méjì tí kò ì tíì mọ èdè kankan, tí wọ́n ń wá bí wọn yóò ṣe sọ ohun tí wọ́n nílò fún ara wọn, tí orúkọ fún igi, ihò àpáta àti orísun omi sì ti ibẹ̀ jáde. Ẹ ò rí i pé ọmọ ẹgbẹ́ wa ni Smith tẹ́lẹ̀!

Carl Menger, ará Austria, mú ọ̀rọ̀ náà síwájú ní 1871 àti 1883. Ó to èdè, òfin àti owó pọ̀ sí ọ̀nà kan. Ó ní kò sí ọba tó dá owó sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ní ewúrẹ́ tó sì ń wá iyọ̀ kì í tètè rí oníyọ̀ tó ń wá ewúrẹ́. Nítorí náà, ó gba ohun mìíràn tí ó mọ̀ pé yóò tètè tà lọ́wọ́ òun. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tó yá tà jù lọ á di owó.

Friedrich Hayek ni orúkọ tí a máa ń gbọ́ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n bí i ní Vienna ní 1899, ó kú ní 1992, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀-ajé ní 1974, òun àti Gunnar Myrdal. Nígbà ayé rẹ̀, àríyànjiyàn ńlá wà lórí bóyá ìgbìmọ̀ kan lè jókòó sí olú-ìlú kí ó máa pinnu ohun tí gbogbo orílẹ̀-èdè yóò ṣe àti iye tí yóò tà á. Ludwig von Mises ti sọ ní 1920 pé kò ṣeé ṣe, nítorí pé láìsí owó ọjà tòótọ́, ìgbìmọ̀ kò ní mọ èyí tó jẹ́ èrè àti èyí tó jẹ́ òfò. Ní 1945, Hayek fi ìdí mìíràn kún un. Ó ní ìmọ̀ tí ọrọ̀-ajé nílò kò sí lórí ẹnìkan. Ó fọ́n káàkiri orí gbogbo ènìyàn: alágbàdo mọ ìgbà tí òjò ilẹ̀ rẹ̀ ń rọ̀, ọlọ́kọ̀ mọ ọ̀nà tó bàjẹ́, ìyá olóúnjẹ mọ ohun tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ń jẹ lọ́jọ́ Ajé. Àwọn àgbà wa ti ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèǹgbè. Iye tí ọjà ń lọ sì ni Hayek pè ní ìròyìn tó ń so gbogbo ìmọ̀ yìí pọ̀. Bí tánńganran bá wọ́n, ó ní, ẹni tó ń lò ó kò nílò láti mọ ìdí rẹ̀. Owó tó gbé sókè ti sọ fún un pé kí ó máa ṣọ́ ọ lò.

Nínú ìwé rẹ̀ kan tó bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní 1973, Hayek mú ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì láti fi pín ètò sí ọ̀nà méjì: "taxis" fún èyí tí a tò, "kosmos" fún èyí tó lalẹ̀ hù. (Kì í ṣe takisí tí a ń wọ̀ o!)

4. Owó ẹyọ: àpẹẹrẹ tó ṣì wà lẹ́nu wa

Láti erékùṣù Maldives, nínú òkun Íńdíà, ni owó ẹyọ ti kọ́kọ́ ń wá. Kò sí ọba Yorùbá kan tó jókòó pàṣẹ pé ìkarahun ni kí a máa ná. Ó kéré, kì í jẹrà, ó ṣòro láti ṣe ayédèrú rẹ̀, ó rọrùn láti kà. Oníkálukú gbà á nítorí ó mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò gbà á.

Kíkà rẹ̀ ló wá wọ inú èdè. Ogójì ẹyọ ni okùn kan. Àádọ́ta okùn, ìyẹn ẹgbàá (2,000), ni orí kan. Orí mẹ́wàá, ìyẹn 20,000, ló ń kún àpò kan. Àpò náà ni ọ̀kẹ́. Ìdí rẹ̀ nìyí tí "ọ̀kẹ́ kan" fi jẹ́ ẹgbàá mẹ́wàá títí dòní lẹ́nu ẹni tó mọ òǹkà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò fojú kan àpò ẹyọ rí. Ọjà ló bí ọ̀rọ̀ náà, ọjà náà ti kú, ọ̀rọ̀ kò kú.

Ṣùgbọ́n kí ló pa owó ẹyọ? Láti àárín àwọn ọdún 1840 ni àwọn oníṣòwò Jámánì ti ń kó irú ẹyọ mìíràn wá láti ìhà Zanzibar, ẹyọ sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí iye rẹ̀ fi já wálẹ̀. Èyí ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ ọjà. Lẹ́yìn náà ni ìjọba amúnisìn dé, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ní fáráǹkì ni kí a máa fi san owó-orí. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá ní ẹyọ nìkan ti di ẹlẹ́ṣẹ̀ lójú òfin. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi kókó yìí sọ́kàn, a ó padà sórí rẹ̀.

5. Zémijàn: iṣẹ́ àti orúkọ tó jọ hù pọ̀

Ní 30 oṣù kọkànlá ọdún 1974, ìjọba Mathieu Kérékou kéde pé ọ̀nà Marx àti Lenin ni orílẹ̀-èdè wa yóò máa tọ̀. Ọdún kan géérégé lẹ́yìn rẹ̀, Dahomey di Bẹ̀nẹ̀. Báńkì bọ́ sọ́wọ́ ìjọba, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá náà bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá jáde yunifásítì mọ̀ pé iṣẹ́ ìjọba ń dúró dè é. Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1980, owó ti tán. Ìjọba kò lè gba gbogbo àwọn tó jáde sí iṣẹ́ mọ́. Ní 1989, àwọn báńkì ìjọba ti dẹnu kọlẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ń ka oṣù láìrí owó oṣù. Àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè tó wáyé ní Kútọnu ní oṣù kejì ọdún 1990 ló wá yí ojú ewé náà padà.

Láàárín ìnira yẹn ni zémijàn gbilẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ológeere ti ń kó èrò ní Àjàṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ wọ́n, ẹni tó ní alùpùpù gbé èrò sẹ́yìn rẹ̀ láti fi rí owó ọbẹ̀. Aládùúgbò rẹ̀ rí i, ó ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí mínísítà tó dá a sílẹ̀, kò sí ìwé ètò ọlọ́dún márùn-ún tí orúkọ rẹ̀ wà. Síbẹ̀, bí o bá dúró ní oríta, kì í pẹ́ tí ọ̀kan fi ń dé. Bí òjò bá ṣú, iye á lé, ẹni tí kò kánjú á dúró, ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí á san án. Ọlọ́kadà kan ṣoṣo kò mọ gbogbo ìlú, ṣùgbọ́n oníkálukú wọn mọ oríta tirẹ̀ ju ìgbìmọ̀ èyíkéyìí lọ.

Epo wọn náà jẹ́ ẹ̀kọ́. Ní 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ààrẹ Nàìjíríà kéde ní Àbújá pé owó ìrànwọ́ lórí epo bẹntiróòlù ti dópin. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ra epo ìgò, èyí tí a ń pè ní kpayò, lẹ́bàá ọ̀nà Pọ́bẹ̀ àti Àjàṣẹ́ kò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ààrẹ. Ẹnu ìyá elépo ni wọ́n ti gbọ́ ọ, nígbà tó dá iye tuntun. Ohun tí Hayek sọ nípa tánńganran nìyẹn.

Ẹ wá wo orúkọ iṣẹ́ náà. Zémijàn wá láti inú Gùn àti Fọ̀n, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "gbé mi kíákíá". Ní Tógò, wọ́n tún ń pè é ní oléyia, ọ̀rọ̀ Ewé tó túmọ̀ sí "ṣé ò ń lọ?". Ní Nàìjíríà, ọ̀kadà ni, orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú kan tí àwọn ènìyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìpè oníbàárà di orúkọ, ìbéèrè ọlọ́kọ̀ di orúkọ, àwàdà di orúkọ. Kò sí ìgbìmọ̀ èdè kan tó bá wọn dá sí i. Èdè Yorùbá kò ní ìró /z/, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà wọlé sí wa lẹ́nu nítorí pé a nílò rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ fi wé "ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ alágbèéká", ọ̀rọ̀ tó dára tí a rí nínú ìwé ìròyìn. Ta ló ń sọ pé "bá mi mú ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ alágbèéká mi wá"? Ènìyàn lè dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀pọ̀ ló ń dìbò fún un.

6. Òmìnira kì í ṣe àìlófin

Ọ̀pọ̀ ń rò pé ẹni tó bá fẹ́ràn ètò alalẹ̀hù kórìíra òfin. Èdè fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. A lómìnira láti sọ gbólóhùn tí ẹnikẹ́ni kò sọ rí láyé, ṣùgbọ́n nítorí pé gbogbo wa jọ ń tẹ̀ lé gírámà kan náà ni yóò fi yé ẹni tó gbọ́ ọ. Ẹni tó bá ní "ìwọ̀nyí ilé mi ni" kò fi òmìnira hàn. Kò kàn ní yé ènìyàn ni. Bákan náà, bí a bá fẹ́ sọ igbá, ìgbà tàbí igba, ohùn ló ń là wọ́n. Gírámà kò sọ ohun tí a óò sọ fún wa. Ọ̀nà tí a óò gbà sọ ọ́ ló pa mọ́.

Irú òfin tí Hayek fẹ́ fún ọjà nìyẹn, pàápàá nínú ìwé rẹ̀ ti 1960 lórí òmìnira: òfin tí a mọ̀ ṣáájú, tó kan olówó àti tálákà bákan náà, tí kì í pàṣẹ iṣẹ́ tí oníkálukú yóò ṣe. Kò tilẹ̀ sọ pé kí ìjọba káwọ́ gbera. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1944, ó gbà pé àwùjọ tó bá ní agbára rẹ̀ lè rí i pé kò sí ẹni tí oúnjẹ, aṣọ àti ibùgbé wọ́n tán fún.

Ètò alalẹ̀hù kì í sì í ṣe ohun tó dára nígbà gbogbo. Èéfín àwọn zémijàn mọ́ wa lójú ní Kútọnu. Ẹni tó ń gùn ún san owó ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò san owó ikọ́ ọmọ tó ń gbé ẹ̀bá títì. Iye tí wọ́n ná kò gbé ìròyìn náà dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Níbi bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí àwùjọ jókòó sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì fi òfin kún un.

7. Èdè wa ńkọ́?

A dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá gan-an. Ìyá kan ní Àjàṣẹ́ ń bá ọmọ rẹ̀ sọ Faransé nílé. Kò kórìíra Yorùbá. Ó fẹ́ kí ọmọ yege ni. Ìyá kejì ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹlẹ́ẹ̀kẹta ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó pète pé kí èdè kú, ire ọmọ ni gbogbo wọn ń wá. Ṣùgbọ́n àbùjá ti ń yọ láàárín koríko. Nínú àwa tí a ń kọ èyí, àwọn kan ní àbúrò tí kò lè kí ìyá àgbà ní Kétu láìsí ògbufọ̀. Ìyá àgbà á rẹ́rìn-ín, á fọwọ́ pa á lórí, á sì dákẹ́.

Àwọn kan máa ń sọ pé: "Àwọn ènìyàn ló yàn án. Ètò alalẹ̀hù ni, ẹ fi sílẹ̀." Níbí ni a ti fẹ́ kí ẹ rántí owó ẹyọ. Ṣé ọjà nìkan ló pa ẹyọ? Rárá. Ẹni tó ní fáráǹkì ni kí a fi san owó-orí ló parí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Faransé. Òfin ìpìlẹ̀ ti 11 oṣù kejìlá ọdún 1990 sọ ọ́ ní abala kìíní pé òun ni èdè ìjọba. Òun ni a fi ń ṣe ìdánwò, òun ni a fi ń kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ fún iṣẹ́. Abala kọkànlá òfin kan náà fún gbogbo àwọn ẹ̀yà ní òmìnira láti lo èdè wọn, ní sísọ àti ní kíkọ. Òmìnira náà wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n èrè wà lápá kejì. Ìyá yẹn yàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ tí ẹlòmíràn ti dá ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló ti yàn. Kí a tó pe ohunkóhun ní ètò alalẹ̀hù, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè pé ta ló ṣe òfin tó mú kí ọ̀nà kan rọrùn ju èkejì lọ.

Kí ni a lè ṣe láìfi ipá mú ẹnikẹ́ni? Àkọtọ́ kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ kan. Àwọn oníwàásù àti ọ̀mọ̀wé pàdé ní Èkó ní 1875 lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá. Ní Bẹ̀nẹ̀, álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè wa jáde ní 1975, a sì tún un ṣe ní 1990. Òun ló ní kí a kọ "ɔjà" àti "ɛja", kí a fi "sh" àti "kp" dípò "ṣ" àti "p". Ètò àtọwọ́dá ni méjèèjì. (A fi ti òdìkejì ààlà kọ ẹ̀kọ́ yìí kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa lọ́hùn-ún lè kà á pẹ̀lú.) Lórí pọ́táàbù, ẹ̀wẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ń kọ Yorùbá sí ara wọn láìsí àmì ohùn. Inú bí àwọn olùkọ́ kan sí i. Àwa rí i bí ìròyìn ayọ̀, nítorí kò sí ẹni tó rán wọn níṣẹ́. Ìgbìmọ̀ lè fún wa ní ohun èlò; àwọn tó ń lò ó ló ń fún èdè ní ẹ̀mí.

8. Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Hayek àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kọ́ wa pé ọgbọ́n fọ́n káàkiri, pé ó yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ̀, kí a sì ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní òun nìkan lè to ayé. Èdè kọ́ wa ní ìdajì kejì: òmìnira ń gbé lórí òfin tí a jọ ní, òfin tó bá tẹ̀ sí apá kan á sì mú kí ẹsẹ̀ gbogbo wa máa yọ̀ síbẹ̀. Iṣẹ́ wa kì í ṣe láti lé ọmọ padà sí Yorùbá pẹ̀lú pàṣán. Iṣẹ́ wa ni láti bèèrè pé kí a mú ìdagẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ náà tẹ́jú, kí a sì máa fi Yorùbá ṣe ohun tó wúlò: kí a kọ ọ́, kí a fi jiyàn, kí a fi kọ́ ìmọ̀ bí a ti ṣe lónìí.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

(i) Mú ọ̀rọ̀ àyálò mẹ́ta tó wọ ẹ̀ka-èdè rẹ láti inú Faransé, Gùn tàbí Fọ̀n. Ta ló nílò wọn, fún kí ni?
(ii) Nínú ọjà ìlú rẹ, kí ni ètò àtọwọ́dá, kí sì ni ètò alalẹ̀hù?
(iii) Ǹjẹ́ àkọtọ́ lè hù fúnra rẹ̀ láìsí ìgbìmọ̀? Lo bí ìwọ fúnra rẹ ṣe ń kọ Yorùbá lórí pọ́táàbù láti fi dáhùn.